Ìkìlọ̀ Tí Àbúrò Mi Gbé Sísàlẹ̀

Tí ẹ bá bi àwọn tó mọ àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, wọn ò sì parọ́. Kì í jà, kì í pariwo. Alálàyé ni wọ́n ń pè é láti kékeré, torí kò sóhun tí kò lè ṣàlàyé fún ọ títí wàá fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, o ti gbọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àlàyé kan ṣoṣo ló wà tí kò ṣe láyé ẹ̀. Ká ní ó ṣe é ni, ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, mi ò ní fi nǹkan kan bò.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí sítóòfù kẹrosíìnì jó ìyá wa lápá. Iná ṣì wà lẹ́nu sítóòfù náà, ìyá wa ní kí òun fi epo kún un, àfi bùlà! Wọ́n di apá yẹn fún oṣù kan gbáko. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, Alálàyé fa bébà kan yọ nínú ìwé iṣẹ́ ilé ẹ̀, ó kọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Bírò pupa ló fi kọ ìlà àkọ́kọ́: MÁ ṢE DA EPO SÍ I TÍ INÁ BÁ WÀ LẸ́NU Ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá kan fífa òwú sókè àti ṣíṣá ìṣáná. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀ látibi ìṣáná, níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo ya dìndìnrìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ pé bí onítọ̀hún ṣe ń kà á ló ń ṣe é ńkọ́? Kó tó dé ìsàlẹ̀, ṣebí ó ti jóná."

Bébà yẹn ṣì wà lára ògiri títí dòní. Èéfín ti sọ ọ́ dà bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n pupa yẹn ṣì hàn.

Nígbà tó dàgbà, ilé ìtẹ̀wé ló ti ríṣẹ́, òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó lè mú àṣìṣe inú ẹ̀. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mo ti padà sílé àwọn òbí wa. Yàrá tèmi wà lápá kan, tiẹ̀ wà lódìkejì, tábìlì ìjẹun wà láàárín. Orí tábìlì yẹn ló ti ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ṣàlàyé ẹ̀. Ó láwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn ò mọ ara wọn rí, wọ́n ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò, wọn ò sì ti inú ẹ̀ pa. Ẹni tó bá wù á mú un, á lò ó, á wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, á tún ibi tí kò dáa ṣe, á sì dá a padà fún gbogbo ayé. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀.

Mo ní, "Ta ló wá ń sanwó fún yín?"

Ó ní kò sẹ́ni tó ń sanwó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ aláàánú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ.

Èmi ní tèmi, yàrá fáìlì ilé ìwòsàn kan ni mo wà, Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Fáìlì páálí kún inú yàrá yẹn dé àjà, eku ń bá wa kà á. Alálàyé ló bá Mátírónì, ọ̀gá wa, sọ̀rọ̀ pé ká kó gbogbo ìwé àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà, ká sì máa lo Àpótí. Àpótí yìí wà lára àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí mò ń sọ, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀ gan-an sì ni àbúrò mi ń kọ̀wé fún. Ọdún méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìka mi fẹ́ẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n dáná sun àwọn páálí yẹn, wọ́n sọ yàrá náà di ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, wọ́n fi igun kan sílẹ̀ fún èmi àti kọ̀ǹpútà mi.

Bó ṣe kọ́ mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má há nǹkan kan sórí. Ẹ ṣí ojú-ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ ṣe é tán kẹ́ ẹ tó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò ní ṣì yín lọ́nà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọdún mẹ́jọ. Mi ò ṣàṣìṣe rí.

Nǹkan tó wá gbà á lọ́kàn ju oúnjẹ lọ ni ìlànà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ méje ló ní ètò táwọn ilé ìwòsàn ń lò, méjèèje ló sì ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀kan á kọ́kọ́ ròyìn bí wọ́n ṣe dá ètò náà sílẹ̀, bíi pé ìyẹn ló ń ṣe aláìsàn. Òmíràn á rọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin sínú gbólóhùn kan. Ohun táwọn kan ń pè ní ẹ̀dà, àwọn míì ń pè é ní ìpamọ́, àwọn kẹta ń pè é ní àwòrán. Alálàyé ní nọ́ọ̀sì tó bá kúrò nílé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn á kàn máa wò suu ni. Ó ní kí gbogbo wọn fẹnu kò sójú kan: orúkọ kan fún nǹkan kan, ètò kan náà fún gbogbo ojú-ìwé. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ àwọn èèyàn yìí. Òfin kìíní tó kọ sínú ìlànà náà, mo mọ̀ ọ́n lórí: "Ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kò gbọdọ̀ sí ìgbésẹ̀ kankan lókè ìkìlọ̀." Ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti rí i.

Ẹgbẹ́ tó tóbi jù nínú méjèèje ní aṣojú kan tí mo ń pè ní Onífìlà, torí kò sígbà tójú ẹ̀ yọ lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi tí kò dé fìlà, àfi bíi pé òjò ń rọ̀ nínú ilé ẹ̀. Onífìlà gba ti orúkọ, ó gba ti ètò, ó ní òun ò gba òfin kìíní. Ó ní ìkìlọ̀ lókè ń lé èèyàn sá. Ẹni tuntun á rí i, á rò pé ewu ń bẹ, á sì lọ wá ètò ẹlòmíràn. Ó ní kí ìgbésẹ̀ ṣáájú, kí ìkìlọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ojú-ìwé lè mọ́ tónítóní. Tí wọn ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òun á yọwọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi fà á. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná, inú á sì máa bí mi bíi kí n lọ ṣí fìlà yẹn lórí ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ṣa ẹ̀wà, ló bá fò jáde sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bọ́ sí i! Méjèèje ló dìbò fún un!"

Mo da ẹ̀wà nù, mo dì mọ́ ọn. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀ ni mo tó bi í pé, "Òfin kìíní ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Mo yọ̀ǹda ìyẹn fún wọn. Ìkìlọ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn wà nísàlẹ̀ ni."

"Nísàlẹ̀ kẹ̀? Ìwọ?" Mo nawọ́ sí bébà tó wà lára ògiri.

"Ẹ rò ó wò náà. Tí mi ò bá yọ̀ǹda ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa fọ́. Ọdún mẹ́ta! Tó bá dúró dáadáa, màá gbé e padà sókè. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dúró ná."

Ó yẹ kí n pariwo lé e lórí lọ́jọ́ yẹn. Dípò ìyẹn, mo lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, a mu ún. Àbúrò mi ni, inú ẹ̀ dùn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Òun fúnra ẹ̀ ló tún gbogbo ojú-ìwé Àpótí tò ní ìlànà tuntun, ogóje ojú-ìwé ó lé mẹ́rin, lórí tábìlì kan náà. Èmi ni mò ń gbé tíì fún un. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbò, ó tán. Ẹ lè sọ pé ṣebí mo ti mọ̀ pé ìkìlọ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n béèyàn ṣe máa ń mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ọ, mo káàánú ẹ̀, mo lọ sùn. Nígbà tí mo bá dé iwájú kọ̀ǹpútà, ohun tó kọ́ mi láti ọdún mẹ́jọ ni mò ń ṣe: bẹ̀rẹ̀ látòkè, ṣe é tán, ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mátírónì ní Àpótí tuntun ti dé, kí n kó ìwé àwọn aláìsàn wọ inú ẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń ké lẹ́yìn mi, èrò ti tò dé ẹnu géètì. Mo ṣí ojú-ìwé náà. Ó rẹwà, kí n sọ tòótọ́. Ìgbésẹ̀ kìíní ní kí gbogbo èèyàn jáde nínú Àpótí. Mo lọ láti yàrá dé yàrá, mo lé wọn jáde. Ìkejì ní kí n ṣí Àpótí tuntun sílẹ̀. Mo ṣí i. Ìkẹta ní kí n nu ti àtijọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ìbéèrè yẹn náà ló ń bi mí tí mo bá fẹ́ tẹ bébà ẹyọ kan jáde, kò sígbà tí kì í bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ní: "Kó ẹ̀dà ìwé aláìsàn tí o ti ṣe sílẹ̀ wọlé."

Ẹ̀dà wo? Mo fa ojú-ìwé náà wálẹ̀, mo fà á, mo fà á, ó dìgbà tí mo dé ìdí ẹ̀ pátápátá: "Ìkìlọ̀: Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé aláìsàn síbòmíràn. Ohun tí ìgbésẹ̀ kẹta bá nù ò ṣeé dá padà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn! Ìyá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta tó jẹ́ pé inú Àpótí nìkan ni wọ́n kọ oògùn tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn sí. Àwọn ọmọ tó ń ké lẹ́yìn mi yìí, kò sẹ́ni tó tún mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà àtèyí tó kù. Nígbà tí wọ́n tú gbogbo ilé ìwòsàn, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí wọ́n rí jẹ́ ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Mo pe Alálàyé. Ó sáré dé pẹ̀lú bírò tó gbàgbé sétí. Ó jókòó sórí àga mi láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò rí nǹkan kan dá padà. Nígbà tó dìde, ó fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ti kún ojú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Òkè ló wà. Èmi fọwọ́ ara mi gbé e wá sísàlẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Sọ ọ́ fún Mátírónì."

Ó ní òun á sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́?

Mátírónì ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ìyá Fáìlì, tó bá jẹ́ pé ìwé yẹn ló ṣì yín lọ́nà, kò sóhun tó máa ṣe yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò kà á dáadáa ni, ẹ máa lọ ni, ọwọ́ mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì." Ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an làwọn ẹgbẹ́ méjèèje fẹ́ kéde ìlànà wọn. Àwọn ẹgbẹ́ méjìlá míì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ bá wọn dara pọ̀. Wọ́n ti mú Alálàyé ṣe olórí iṣẹ́ náà, owó oṣù sì ti wà nídìí ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ń ro búrẹ́dì kiri inú tíì títí ó fi yọ́ dànù. Ó ní Onífìlà kọ̀wé sí òun pé kí òun ṣọ́ ẹnu òun, pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ìlànà náà ló nu ìwé aláìsàn, àwọn méjìlá yẹn á sá. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ sọ. Ó ní, "Òótọ́ ni màá sọ, Ẹ̀gbọ́n mi." Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ́fíìsì Mátírónì ò tóbi. Àwọn ọkùnrin méjì láti ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi dúró lẹ́bàá fèrèsé, àbúrò mi dúró láàárín.

Mátírónì ní, "Ṣé ìkìlọ̀ wà lójú-ìwé yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Ṣé ó hàn?"

"Ẹni tó bá kà á tán á rí i, Mà."

Mo ń wò ó. Mo ń dúró de ìyókù. Ẹ wo ọkùnrin yìí o, tó fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé bí áyọ́ọ̀nù tá a fi ń lọ aṣọ ṣe ń gbóná fún mi! Ìyókù ò dé. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ẹ bi í níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í lẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀!"

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yíjú sí i. Alálàyé ń wo ìka ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Ìlànà tí ẹgbẹ́ méje fọwọ́ sí ni wọ́n fi tò ó, sà."

"Ṣé o tún ní nǹkan míì láti sọ?"

"Rárá, sà."

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó dùn mí wọ egungun nìyẹn, kò pa irọ́ ẹyọ kan. Ó kàn gbé èyí tó máa gbà mí là sísàlẹ̀, níbi tójú ẹnikẹ́ni ò ní dé.

Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi. Ife mi, súwẹ́tà mi, sálúbàtà tí mo fi ń rìn nínú ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Ọkùnrin kan nínú èrò ní, "Ìyá tó nu orúkọ wa nìyẹn." Mo dé ilé, mo jókòó sí ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé. Alálàyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi..." Mo ní kó lọ, kó má ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Kí oṣù tó parí, ó ti kó lọ síbi iṣẹ́ tuntun ẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógún ló ń lo ìlànà náà, ó ti di èèyàn ńlá. Lóṣù tó kọjá, mo ṣí i lórí fóònù mi. Wọ́n ti dá òfin kìíní padà sókè gangan, bó ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí i. Orúkọ Onífìlà wà níbẹ̀ lódindi. Ẹnì kan tó jẹ́ pé àmì ìdánudúró kan ló tún ṣe, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ ìdí tí wọ́n fi yí i padà: "Onílò kan ṣe ìgbésẹ̀ kẹta láì tíì ka ìkìlọ̀." Àbúrò mi ló kọ ìlà yẹn. Onílò kan. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí, ayọ̀ kún ohùn ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó wá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ nípa bó ṣe ronú kan òfin kìíní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí bébà sítóòfù yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀. Ó máa wú wọn lórí."

Mo ní, "Ṣé wàá sọ ti ilé ìwòsàn náà?"

Ó ní, "Ìyẹn ò bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ mu, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná. Mo ya ìsàlẹ̀ bébà náà nìkan, láti ibi tó ti ní ká fa òwú sókè títí dé ibi tó ti ní ká pa á tá a bá sè é tán. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé padà: "Ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ ìlà pupa ò sí níbẹ̀."

Mo kọ ọ́ sí i pé: "Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán á rí i."

Mo gbé omi tíì kaná. Mo rí i lójú fóònù pé Alálàyé ń kọ nǹkan. Ó kọ, ó dúró, ó tún ń kọ, ó tún dúró. Omi náà hó, mo po tíì mi, mo mu ún tán, kò tíì rí nǹkan kan fi ránṣẹ́.